Ibo Ni Ọ́ìlì Yìí Ti Ń Jò? Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Orísun Rẹ̀ Kí Wọ́n Tó Tú Ẹ́ńjìnnì Yín

Ẹ jí láàárọ̀, ẹ gbé ọkọ̀ kúrò níbi tó sùn sí, ẹ rí àbàwọ́n dúdú kan nílẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ó yọrí sábẹ́ ọkọ̀, ó rí i tí ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì, ó nawọ́ sí i, ó ní, "Ọ̀gá, síìlì ẹ̀yìn ló lọ. A máa sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀." Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ sanwó iṣẹ́, ẹ sanwó síìlì, ẹ sanwó ọ́ìlì tuntun. Lọ́sẹ̀ kejì, àbàwọ́n náà tún wà nílẹ̀, kò tilẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́.

Èmi náà ti san owó yẹn rí, lórí Corolla kan tí mò ń lò nígbà tí mò ń gbé Ṣómólú. Síìlì ẹ̀yìn, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì, kò ṣe nǹkan kan. Rọ́bà tín-ín-rín abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ orí ẹ́ńjìnnì lókè pátápátá, ló ti gan bí ike. Ọ́ìlì ń yọ́ jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì níbi tójú ò tó, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá dé etí gíábọ́ọ̀sì ló tó wá ń kán. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ kò lè rí ìyẹn. Ibi tí ọ́ìlì ti ń kán yàtọ̀ sí ibi tó ti ń jò, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò, òkè ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Bí ẹ bá tẹ̀lé àwọn ìpele yìí, ẹ ó ti mọ orísun náà kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yín.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Páálí ńlá kan, irú èyí tí fíríìjì máa ń wà nínú rẹ̀, tí ẹ ó là pẹrẹsẹ.
- Tíṣù funfun tàbí àkísà funfun. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun, torí àwọ̀ ọ́ìlì lẹ fẹ́ rí.
- Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ dáadáa, àti dígí kékeré tí wọ́n fi ń wojú. Fóònù yín náà máa wúlò, torí kámẹ́rà lè wọ ibi tí orí ò lè wọ̀.
- Kẹrosíìnì bíi lítà 1, ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́bú, búrọ́ọ̀ṣì onírun líle méjì.
- Pàúdà funfun, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti gbẹ.
- Ọ̀rá bíi márùn-ún àti rọ́bà tí ẹ ó fi so wọ́n.
- Sípánà 10 àti 12, ìbọ̀wọ́, àti ọ́ìlì díẹ̀ tí ẹ lè fi kún un.

Ẹ fi Sátidé àti Sọ́ńdè sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan, ohun tó sì ń ba á jẹ́ jù lọ ni ìkánjú.

Ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tó dúró lórí jáàkì nìkan, bó ti wù kó jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Jáàkì máa ń yọ̀, ó sì máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìkìlọ̀. Bí ẹ ò bá ní ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún gbígbé ọkọ̀ dúró, ẹ dúró lókè, kí ẹ fi ti abẹ́ sílẹ̀ títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó ní kòtò iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, òkè náà ni.

Ìpele 1: Ẹ rí i dájú pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni

Lálẹ́, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ti páálí sábẹ́ iwájú rẹ̀. Ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí táyà iwájú méjèèjì wà, kí ẹ kọ "iwájú" sí etí tó kọjú sí iwájú ọkọ̀. Láàárọ̀, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tíṣù funfun tẹ ibi tó rin, kí ẹ gbé e lọ síta gbangba wò.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ máa ń dà bí oyin lórí tíṣù. Èyí tó ti pẹ́ máa ń dúdú bíi kọfí. Bó bá pupa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì tàbí ti páwà sítíárìn, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ti gbó nínú wọn lè dúdú kó sì tan yín jẹ. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí píǹkì, tó ń yọ̀ lọ́wọ́, omi rédíétọ̀ ni. Bó bá mọ́ gaara bí omi, tí ẹ lo ẹ́sì (A/C) lọ́jọ́ náà, omi ẹ́sì ni, ẹ lọ sùn. Bó bá pọ́n díẹ̀ bí òróró ẹ̀pà, tó sì wà lẹ́bàá táyà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi bíréèkì. Ẹ má wa ọkọ̀ yẹn lọ síbì kankan.

Ibi tí àwa ará Èkó ti ń ṣìnà níbí ni pé ọkọ̀ mẹ́fà lè máa pín ilẹ̀ kan náà lò nínú kọ́ńpáùndì. Àbàwọ́n tí ẹ rí lè jẹ́ ti ọkọ̀ aládùúgbò yín tó sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ lo páálí nìyẹn: ohun tó bá wà lórí páálí, tiyín ni.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti ní tíṣù kan tó ní ọ́ìlì aláwọ̀ oyin tàbí dúdú, fọ́tò kan sì wà tó fi hàn bóyá apá bẹ́líìtì ló ti ń kán ni, tàbí apá gíábọ́ọ̀sì. Ẹ pa méjèèjì mọ́.

Ìpele 2: Ẹ wo gééjì

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 kí ọ́ìlì ṣàn padà sísàlẹ̀. Ẹ fa gééjì, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ̀ ọ́ títí dópin, ẹ tún fà á yọ. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Bó bá wà nísàlẹ̀ àmì ìsàlẹ̀, ẹ fi ọ́ìlì kún un kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí iná pupa ọ́ìlì bá ti ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ọ́ìlì kì í pẹ́ kú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó kọjá àmì òkè náà, torí ó wọ́pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Gálọ́ọ̀nù lítà 4 ni wọ́n máa ń tà fún wa. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE tó wà nínú Corolla 2003 sí 2008, lítà 3.7 ni gbogbo ohun tó ń gbà, tòun ti fílítà tuntun. Ọmọ iṣẹ́ a da gálọ́ọ̀nù náà tán pátá, kó má bàa dà bíi pé ó fẹ́ jí èyí tó kù. Bí ọ́ìlì àtijọ́ ò bá sì tíì ṣàn tán kó tó dà á, àpọ̀jù náà á di ńlá. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù lè wá ọ̀nà gba ara síìlì tó ti rẹ̀ jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á dín kù, kí ẹ tún páálí tẹ́ kí ẹ tó máa wá síìlì kankan.

Ìpele 3: Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì láti òkè délẹ̀

Ìpele tí gbogbo èèyàn ń fò nìyí. Mẹkáníìkì tó bá ń wá ojú ibi tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ọdún mẹ́ta ti lẹ̀ mọ́, ìméfò ló ń ṣe: ohun gbogbo ló rin, ohun gbogbo ló dúdú, èyí tó bá kọ́kọ́ rí ló máa dá lẹ́bi.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti tutù débi tí ẹ lè gbé ọwọ́ lé e. Ẹ tú orí bátìrì tó jẹ́ ti òdì, èyí tí àmì rẹ̀ jẹ́ –. Ẹ yọ ike tí wọ́n fi bo orí ẹ́ńjìnnì. Bí ike ńlá bá wà tí wọ́n fi bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tó ní kòtò iṣẹ́ bá yín yọ òun náà: ọ́ìlì máa ń gbá jọ sínú rẹ̀, á wá gba ihò ìdàkejì kán, ìgbà yẹn lẹ ó máa wá a ní apá ọ̀tún nígbà tó jẹ́ pé apá òsì ló wà. Ẹ fi ọ̀rá we ọtanẹ́tọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná), ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, àpótí fíúsì àti orí àwọn kọ́ìlì tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, kí ẹ so wọ́n le.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ láti etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Ẹ ha gbogbo ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, ẹ ha ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Ẹ fi àkísà gba kẹrosíìnì tó ti dúdú kúrò, kó má bàa ṣàn lọ sínú gọ́tà, kí ẹ tó fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì kejì fọ̀ ọ́. Omi inú abọ́ ni kí ẹ fi ṣan án.

Ẹ má lo epo bẹntiróòlù. Kò sí bí ẹ ṣe lè ṣọ́ra tó. Òórùn rẹ̀ nìkan lè gbaná láti ara wáyà. Ẹ má sì gbé e fún àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, kí wọ́n fi omi alágbára yìnbọn sí i. Omi yẹn á wọ ihò pọ́lọ́ọ̀gì, á wọ ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀, ọkọ̀ tó kàn ń jo ọ́ìlì á wá di ọkọ̀ tó ń gbọ̀n tí kò fẹ́ lọ. Kẹrosíìnì tó bá kán sára sàlẹ́ńsà náà, ẹ nù ún kúrò pátápátá kí ẹ tó tanná sí ẹ́ńjìnnì.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí ni kí èèyàn fọ ibi tó ń kán nìkan. Èyí tó kù lókè á yọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á ṣàn wálẹ̀, ẹ ó rò pé ọ́ìlì tuntun ni.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi tíṣù funfun yí etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ká, pàápàá ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sí ògiri inú ọkọ̀. Ẹ fi nu ìdí fílítà àti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Bí tíṣù kan péré bá jáde ní dúdú, ẹ padà síbẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì.

Ìpele 4: Pàúdà, lẹ́yìn náà ẹ wakọ̀

Ẹ tú ọ̀rá gbogbo kúrò, ẹ dá orí bátìrì padà. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa ẹ́ńjìnnì fún bíi wákàtí méjì, tàbí kí ẹ tan án fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ pa á, kí ẹ jẹ́ kó tún tutù. Irin tó bá ṣì ní omi lára á sọ pàúdà di ẹ̀kọ.

Ẹ bu pàúdà sórí búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, ẹ rọra fọ́n ọn sí etí tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà yíká, sí abẹ́ ọ́ìlì súwíìṣì (èyí tó ń tan iná ọ́ìlì ní dáṣíbọ́ọ̀dù), sí ìdí fílítà, sí ojú ìpàdé timing cover (ìdérí tó wà lára ẹ́ńjìnnì lápá bẹ́líìtì), àti sí ìlà tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Kí ó ṣáà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Kò ní láti nípọn. Ẹ má jẹ́ kó kan bẹ́líìtì, ẹ má jẹ́ kó wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹ wá wakọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àkọ́kọ́, ẹ tan ẹ́ńjìnnì níbi tó wà fún ìṣẹ́jú 15. Èyí tó ń jò gidi, bíi fílítà tí kò jókòó dáadáa, á ti jẹ́wọ́.

Ìkejì, ẹ wà á nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bí 20 ìṣẹ́jú, láti Yábàá sí Ojúẹlẹ́gba ká sọ. Ooru ló ń ṣiṣẹ́ níbí. Rọ́bà tó ti gan máa ń fìdí mọ́lẹ̀ nígbà tó tutù, ìgbà tí irin bá gbóná tó sì fẹ̀ ló tó ń tú àṣírí rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ jáde ní kùtù Sọ́ńdè nígbà tí ọ̀nà ṣófo, kí ẹ gun afárá Third Mainland láti Adékúnlé, kí ẹ dé Erékùṣù, kí ẹ yí padà. Ìyípo ẹ́ńjìnnì tó ga ń mú kí agbára ọ́ìlì inú rẹ̀ ga sí i, ìyẹn sì ni ojú tó dí tẹ́lẹ̀ á fi là. Ẹ má dúró lórí afárá láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ilé ni kí ẹ ti wò ó.

Ìdí wà tí mo fi fi afárá ṣe ìkẹyìn. Atẹ́gùn eré máa ń fẹ́ ọ́ìlì sẹ́yìn, á fọ́n ọn káàkiri. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré kó tó wò ó, á bá gbogbo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ní rínrin, kò sì ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* nínú pàúdà funfun yẹn, ẹ ó rí ìlà kan tó ṣókùnkùn, tín-ín-rín lókè, tó ń fẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó máa ń dà gẹ́lẹ́ bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ pàúdà mọ́ tó wá bú sẹ́kún. Bí ẹ ò bá rí nǹkan kan, ẹ tún un wà lọ́jọ́ kejì. Ọ̀nà jíjò tó kéré lè fẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Ìpele 5: Ẹ tẹ̀lé ọ́ìlì padà sókè

Ẹ má kánjú níbí. Ibi tí ẹ ń wá ni ibi tó ga jù tó rin, tí ohun tó wà lókè rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá rí ibi tó rin, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ gòkè bí ìka mẹ́rin, ẹ fi tíṣù nù ún. Bó bá mú ọ́ìlì, ẹ tún gòkè. Ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀ títí tíṣù yóò fi jáde ní funfun, kí ẹ wá padà sọ́dọ̀ èyí tó mú ọ́ìlì kẹ́yìn. Bí méjì bá rin ní ìpele kan náà, èyí tó wà níwájú jù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí atẹ́gùn.

*Ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí.* Ẹ wo rọ́bà abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ọ́ìlì tí wọ́n dà sílẹ̀ nígbà sáfíìsì ni èèyàn ń lé kiri. Ẹ ti fọ ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ìyẹn ò lè tàn yín mọ́.

*Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà.* Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí lára ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Iwájú rẹ̀ rọrùn láti rí. Ẹ̀yìn ló ń pa èèyàn. Ẹ ti dígí sẹ́yìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí dígí náà. Ẹ fa kọ́ìlì kan yọ kúrò lórí pọ́lọ́ọ̀gì: bí ìdí rẹ̀ bá jáde pẹ̀lú ọ́ìlì, àwọn rọ́bà tó yí ihò pọ́lọ́ọ̀gì ká ti lọ, ó sì lè jẹ́ pé òun náà ló ń mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun kàn dè é mọ́lẹ̀ sí i, ẹ kọ̀. Rọ́bà tó ti gan ò ní rọ̀ nítorí pé ẹ dè é, bóòtù ló máa já sínú irin.

*Àwọn O-ring kéékèèké, ìyẹn rọ́bà róbótó.* Lára 1ZZ-FE, ẹ wo ibi tí timing chain tensioner (ohun tó ń fa ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì le) jókòó sí, ó ní nọ́ọ̀tì 10 méjì. O-ring rẹ̀ gbajúmọ̀ fún jíjò. Lára Honda Accord tí a ń pè ní End of Discussion, tó jẹ́ onípọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rin, VTEC solenoid (fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì) ni kí ẹ wò, gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi dí ojú ìpàdé irin méjì, máa ń le. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré lójú, owó wọn náà kéré, ọ́ìlì wọn sì máa ń ṣàn lọ jìnnà.

*Ọ́ìlì súwíìṣì.* Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, ó ní wáyà kan lórí. Ẹ fa ẹnu wáyà náà yọ. Bí ọ́ìlì bá wà nínú rẹ̀, súwíìṣì ti là nínú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú méjì nìyí, mi ò sì mọ ìdí tí àwọn èèyàn kì í fi í ṣe é.

*Fílítà.* Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn sáfíìsì ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ẹ fo gbogbo èyí tó kù, ibí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Rọ́bà fílítà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, wọ́n á wá de tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì lórí ara wọn ò lè dí. Bó ṣe yẹ ni kí wọ́n fi ọwọ́ yí fílítà títí rọ́bà yóò fi kan irin, kí wọ́n wá fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìyípo kan kún un.

*Timing cover àti síìlì iwájú.* Apá bẹ́líìtì ni èyí wà. Síìlì iwájú ní àmì tí ẹ ò lè ṣì mọ̀: kíráńkì, ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì, ń yí, nítorí náà ó ń fọ́n ọ́ìlì yíká bí ẹni ń ju omi ọwọ́ dànù, ẹ ó rí ìlà ọ́ìlì róbótó lára àwọn nǹkan tó yí púlì rẹ̀ ká. Timing cover ní tirẹ̀ máa ń ṣàn wálẹ̀ tààrà ní ojú ìpàdé rẹ̀.

*Sọ́ǹpù àti nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀.* Sọ́ǹpù ni abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ń wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì máa ń rin nítorí pé orí wọn ni gbogbo nǹkan ń ṣàn sí. Ìkẹyìn ni kí ẹ fura sí wọn, àfi bí ọkọ̀ bá ti ko gálọ́ọ̀pù tó ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ léṣe. Bí nọ́ọ̀tì bá ń jò, wáṣà rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀. Téèpù tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń we páìpù omi kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pàtàkì kan fún ẹ̀yin tí ẹ ní V6 3.5 ti Toyota, ìyẹn 2GR-FE, tó wà nínú àwọn Camry Muscle kan, Sienna àti Lexus RX 350. Páìpù ọ́ìlì VVT-i (ètò tó ń darí ìgbà tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí) tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde ní apá kan tó jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà yẹn kì í jò díẹ̀díẹ̀ pẹ́ títí. Ó lè bẹ́ lójijì, kó da gbogbo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí tiyín bá ṣì ní rọ́bà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí páìpù irin látòkè délẹ̀, kódà bí kò bá tíì jò.

Ìpele 6: Ẹ wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì ń mí dáadáa

Ẹni tó ti pààrọ̀ síìlì kan, tí òmíràn tún bẹ̀rẹ̀, kó wá síbí. Afẹ́fẹ́ máa ń gbá jọ sínú ẹ́ńjìnnì, PCV valve ló sì ń jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí i, afẹ́fẹ́ yẹn á máa ti ọ́ìlì gba gbogbo síìlì tó bá ti rẹ̀ jáde. Bí iná ò bá tán nínú aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò lè tán léèékánná: síìlì lẹ ó máa rà títí.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ẹ tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé ihò náà, kí ẹ di etí rẹ̀ mú kó má bàa wọlé. Bó bá fà á wọ inú díẹ̀, tàbí tó kàn ń gbọ̀n, ó dára. Bó bá ń fẹ́ ẹ sókè gidi, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ PCV valve, ẹ mì í létí yín. Ó gbọ́dọ̀ dún ṣakaṣaka. Bó bá dákẹ́, ó ti dí, ẹ ra tuntun. Bí PCV bá dára, síbẹ̀ tí èéfín ń yọ gba ihò yẹn, àwọn ríǹgì tó yí písítìnì ká nínú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ, síìlì kankan ò sì ní yanjú ìyẹn.

Ìpele 7: Kí ẹ tó gbà pé síìlì ẹ̀yìn ni

Ó máa ń jẹ́ òun nígbà mìíràn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ sí sísọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ àyàfi tí ẹ bá lè sọ nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ìdánilójú. Èkíní, gbogbo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, láti tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà títí dé ìlà gíábọ́ọ̀sì, gbẹ, pàúdà rẹ̀ ṣì funfun. Èkejì, ọ́ìlì ń jáde láti inú ìlà náà fúnra rẹ̀, tàbí láti ihò ìyẹ̀wò abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọ́ìlì tó wà lórí tíṣù bá àwọ̀ ti orí gééjì ẹ́ńjìnnì mu, kò pupa bíi ti gíà. Síìlì iwájú gíábọ́ọ̀sì ń kán níbẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ló sì ti pààrọ̀ ti ẹ́ńjìnnì tí ti gíà sì wà níbẹ̀ tó ń jò. Bó bá wá pọn dandan kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ síìlì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí owó iṣẹ́ kan ló máa bo méjèèjì.

Ìpele 8: Ẹ gbé ẹ̀rí lọ fún mẹkáníìkì

Ẹ má lọ bá a jà. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á fẹ́ràn oníbàárà tó ti fọ ẹ́ńjìnnì wá. Ẹ fi fọ́tò hàn án, kí ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo rí i pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi wò ó láti òkè ná." Bó bá ní ibòmíràn ni, kó fi ibi tó rin tí òkè rẹ̀ gbẹ hàn yín. Bó bá rí i fi hàn, ó lè jẹ́ òun ló tọ̀nà.

Bí ẹ bá ń lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì ní Ládípọ̀, ẹ mú àtijọ́ dání, kí ẹ sì mọ orúkọ ẹ́ńjìnnì yín, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ẹ ká rọ́bà tuntun náà lọ́wọ́: ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì na padà bó ṣe wà. Ẹ béèrè bóyá rọ́bà ihò pọ́lọ́ọ̀gì wà pẹ̀lú rẹ̀. Rọ́bà tòkunbọ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kí ẹ dúró tì í nígbà tó bá ń fi gọ́ọ̀mù sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì rọ́bà kò nílò gọ́ọ̀mù yíká. Ó lè nílò ẹ̀kán díẹ̀ ní igun tí irin méjì ti pàdé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù á já sínú ẹ́ńjìnnì, á lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè nínú sọ́ǹpù. Timing cover àti ọ̀pọ̀ sọ́ǹpù, gọ́ọ̀mù ni tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó gbẹ bí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ṣe wí kí wọ́n tó da ọ́ìlì sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ wákàtí 24 kó tó gbẹ tán. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fi sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* kí wọ́n nu gbogbo ibi tí wọ́n ṣe mọ́ kí ẹ tó kúrò. Nílé, ẹ fọ́n pàúdà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ tẹ́ páálí tuntun, kí ẹ tún ìwakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpele 4 ṣe. Ẹ máa wo páálí láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì máa kọ ibi tí ọ́ìlì dé lórí gééjì ní gbogbo Sọ́ńdè. Bí páálí bá mọ́ tí gééjì ò sì yẹ̀, ó ti dí. Bí páálí bá mọ́ ṣùgbọ́n tí gééjì ń lọ sílẹ̀, inú ni ẹ́ńjìnnì ti ń jó o. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn ọkọ̀ láàárọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan án, kó wò ó bóyá èéfín tó kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ búlúù.